Aṣọ Yíyá Ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Ń Wọ̀

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Abẹ́òkúta lọ sí Ìmẹ̀kọ, ọkùnrin kan tó jókòó tì mí ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn ará Kútọnu ti jí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, wọ́n ti lọ fi orúkọ ara wọn sí i lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Ìyá àgbà kan tó wà níwájú wa, tó gbé àpò gàrí lé itan, yíjú padà.

"Ọmọ mi, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ta ni wọ́n jí?"

"Tiwa ni, Màmá. Ti àwa Yorùbá."

"Kétu ni wọ́n bí mi sí. Kétu ni mò ń lọ yìí. Èdè wo lo wá ń gbọ́ lẹ́nu mi?"

Ọkùnrin náà ní ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ má bínú, kì í ṣe ẹ̀yin lòun ń bá wí, ìjọba yín ni. Ìyá náà ní ìjọba òun kò mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ í jó. Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀. Èmi ni n kò gbàgbé.

Ohun tí ọkùnrin yẹn rí kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá. Ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde ohun 19 láti ilẹ̀ oríṣiríṣi, pé àrà tí ọmọ aráyé ń fi ẹnu sọ tí wọ́n sì ń fi ara ṣe ni wọ́n, kò sì yẹ kí wọ́n parun. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà nínú wọn. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ló gbé ìwé rẹ̀ síwájú, Nàìjíríà àti Tógò sì kín in lẹ́yìn. Nígbà tó di 2008, wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n ti kéde tẹ́lẹ̀ sínú ìwé àkójọ kan ṣoṣo, orúkọ orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà lára Gẹ̀lẹ̀dẹ́ níbẹ̀ títí di òní. B ló ṣáájú N nínú álífábẹ́ẹ̀tì, nítorí náà Bẹ̀nẹ̀ ni èèyàn ń kọ́kọ́ rí. Àmọ́ òótọ́ ni pé àwọn ló kọ́kọ́ dìde, tí àwa jókòó.

Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn olè la fẹ́ fi kan orílẹ̀-èdè yẹn, orúkọ rẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Dàhòmì ni wọ́n ń pè é títí di ọdún 1975, kí Ààrẹ Mathieu Kérékou tó yí i padà sí Bẹ̀nẹ̀. Ìlú Bìní, níbi tí Ọba Ẹdó wà, Nàìjíríà ló wà, ó sì jìnnà sí Kútọnu. Ara etí òkun tí àwọn òyìnbó ti fi orúkọ Bìní pè látijọ́ ni Kérékou ti mú un. Orílẹ̀-èdè odindi ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n yá lọ́wọ́ ìlú tí kò sí nínú ilẹ̀ wọn, ayé kò sì parẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìdí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Bí a bá bi babaláwo, á kì í fún wa nínú Ọ̀sá Méjì pé nígbà tí Ọ̀rúnmìlà ń lọ sí igbó àwọn ẹlẹ́yẹ, ìyẹn àwọn ìyá, wọ́n ní kó gbé igi gbígbẹ́ karí, kó wé gèlè, kó so ìkù irin mọ́ ẹsẹ̀, ìyẹn ló fi lọ tó sì fi bọ̀ láyọ̀. Ìtàn mìíràn wà tó ní Yemọja ni, pé ó wá ọmọ títí, wọ́n ní kó gbé ère lérí kó sì jó, ó sì bí méjì: Ẹ̀fẹ̀ ni àkọ́kọ́, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ìkejì. Àwọn ará Kétu ní tiwọn ń sọ ọ̀rọ̀ adé. Wọ́n ní ọba kan wàjà, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó jẹ́ ìbejì sì ń du oyè. Ọ̀kan sá lọ sí Ìlobì. Nígbà tó gbọ́ pé arákùnrin òun ń bọ̀ wá ká òun mọ́ lóru, ó so ìkarawun ìgbín mọ́ okùn, ó gbé igi dúró, ó wọ̀ ọ́ láṣọ bí ènìyàn, ó sì ń mi okùn náà títí tí ariwo rẹ̀ fi lé àwọn tó wá pa á. Nígbà tó yá tí adé wá já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gbé ọgbọ́n yẹn bọ̀ ní Kétu, ó sì di ijó.

Kétu wà ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ní ẹkùn tí wọ́n ń pè ní Plateau. Ìlobì wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní Gúúsù Yewa. Bí ìtàn yẹn bá rí bí wọ́n ṣe sọ ọ́, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti kọjá ààlà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni tó fa ààlà rárá. Àwọn ará Ìlobì sì wà tí wọ́n máa sọ fún yín pé ọ̀dọ̀ àwọn ló ti bẹ̀rẹ̀, pé Kétu wá gbà á ni. Ìjà "ta ló ni ín" ti wà láàárín ìlú sí ìlú kí òyìnbó tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ìtàn ìpìlẹ̀ wọ̀nyí ṣe pọ̀ tó, kó wá ìwé tí Babatunde Lawal kọ ní 1996, àti èyí tí Henry Drewal àti Margaret Drewal kọ ní 1983. Kò sí èyí tó fi ẹ̀tọ́ fún ìlú kan ṣoṣo nínú wọn.

Èmi ò fẹ́ dá ẹjọ́ Kétu àti Ìlobì. Ohun tó wù mí jù ni aṣọ.

Ẹ wo ẹni tó gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde lọ́sàn-án gangan láàárín ọjà. Ọkùnrin ni. Igi tó gbé karí, ojú obìnrin ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ sí i, ojú tó balẹ̀, tó tutù, tó kọ ilà. Ọmú igi wà láyà rẹ̀, ìdí rẹ̀ tóbi nítorí ohun tí wọ́n dì síbẹ̀, ìkù irin wúwo lọ́rùn ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ìyáàlù bá pè é, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣì í gbọ́: ohun tí ìlù bá wí ni ìkù gbọ́dọ̀ wí, kí wọ́n sì jọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń dún lẹ́yìn tí ìlù ti dákẹ́, àwọn obìnrin á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo aṣọ tó wà lára rẹ̀ ńkọ́? Gèlè ni, ọ̀já tí wọ́n fi ń pọn ọmọ ni, ìró obìnrin ni. Kì í ṣe tirẹ̀. Ó lọ yá wọn lọ́wọ́ ìyàwó, lọ́wọ́ ìyá, lọ́wọ́ àwọn obìnrin agbo ilé. Ọ̀já tí ọmọ ọdún yìí fi sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ló ń fò láyà ọkùnrin yẹn lọ́sàn-án.

Àwọn àgbà ní aṣọ àyálò kì í yẹni. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìkan ni mo mọ̀ tó sọ òwe yẹn di irọ́. Ó yẹ ẹ́ débi pé wọ́n ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Àmọ́ ẹ wo bí ó ṣe yá a. Ó mọ ẹni tó ni gèlè. Ẹni tó ni ín wà lójú agbo, ó ń wo gèlè rẹ̀ tó ń jó, ó ń fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ijó bá parí, gèlè á padà sílé. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n tọwọ́ bọ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè gbé aṣọ yẹn lọ tà.

Igi orí rẹ̀ pàápàá kún fún ohun tí wọ́n mú lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n ti gbẹ́ mùsùlùmí tó wé láwàní, òyìnbó tó dé akẹ́tẹ̀ líle, ẹ̀rọ ìránṣọ, alùpùpù, ọkọ̀ òfuurufú. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù. Ohun tí ojú àwọn agbẹ́gi bá ti rí ni wọ́n ń gbé lé orí. Kí a tó bú ẹnikẹ́ni pé ó ń sín wa jẹ, ẹ jẹ́ ká rántí pé àṣà tá à ń jà lé lórí yìí, olùsínjẹ paraku ni.

Ogun ló wá kó gbogbo rẹ̀ rú. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, nígbà ọba Glele, fọ́ Kétu. Wọ́n jó ìlú, wọ́n kó èèyàn lọ sí Àgbómè. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó ní Paris, wọ́n sì fi ìlà pín ilẹ̀ tó wà láàárín wọn láti etí òkun lọ sókè. Ìgbà tí wọ́n ń pín in, ahoro ni Kétu. Ìlú tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ ni wọ́n fi sí apá Faransé, tí oko àti ìlú abẹ́ rẹ̀ bí Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọmọ Glele, ni àwọn tó kù nínú ará Kétu tó padà, wọ́n tún ìlú tẹ̀ dó, wọ́n sì fi Aláketu jẹ ní 1894. Nígbà yẹn, ìlà ti wà nílẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rẹ́rìn-ín bí ẹnìkan bá ní Bẹ̀nẹ̀ ló ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nítorí pé Kétu wà níbẹ̀. Inú orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Dàhòmì títí di 1975, orúkọ àwọn tó jó Kétu gan-an, ni Kétu wà. Kì í ṣe pé mò ń bá àwọn Fọ̀n, tó ni ìjọba Dàhòmì àtijọ́, jà. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Mo kàn ń sọ pé ìjọba kò lè fi Kétu ṣe ẹ̀rí láìkọ́kọ́ sọ bí Kétu ṣe di tirẹ̀. Àwa náà ní ìhà ìhín kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀bùn Gẹ̀ẹ́sì ni Ìmẹ̀kọ jẹ́ fún Nàìjíríà.

Ẹnubodè kò dá Ẹ̀fẹ̀ dúró. Ẹ̀fẹ̀ ni ti òru, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán tó jáde. Akọrin á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá, á júbà Ìyá Ńlá, lẹ́yìn náà ló tó lè la ẹnu rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni: ọba tó ń jẹ ilẹ̀ onílẹ̀, olówó tó ń ṣèké, ọmọ tó na ìyá rẹ̀. Ohun tó bá wí lóru yẹn, wọn kì í mú un sí i. Nígbà tí Faransé ń gba owó orí, tí wọ́n ń mú ọ̀dọ́ lọ sójú ogun tí wọ́n sì ń fi tipátipá kó wọn lọ ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ìdílé kó ẹrù, wọ́n sì sọdá sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn náà ni ìgbà tí àwọn ará Ọ̀họ̀rí gbé ìbọn sí Faransé, láàárín 1914 sí 1916. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ló kọ ìtàn ìsáǹsá yìí jù. Nígbà tí àwọn òpìtàn mìíràn ń wá ìwé ìjọba, òun tún lọ tẹ́tí sí orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ó sì kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1975 láti fi hàn pé àwọn orin yẹn jẹ́ ẹ̀rí ìtàn fún ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Gómìnà Faransé kọ tirẹ̀ sínú ìwé, Ẹ̀fẹ̀ kọ tirẹ̀ lórin, ọ̀tọ̀ ni ohun tí olúkúlùkù rí.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ìmẹ̀kọ yìí náà ni wọ́n sin Wòlíì Samuel Oshoffa sí ní 1985, ẹni tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ tó sì dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1947. Ìjà oyè ti wáyé nínú ìjọ yẹn láàárín ìhà méjèèjì, àmọ́ n kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Nàìjíríà jí Sẹ̀lẹ́ lọ́wọ́ Bẹ̀nẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ pé ohun tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ nìkan là ń pè ní ohun ìní, tí a sì ń fi ṣe ìbọn?

Ibi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dé lẹ́yìn Kétu pọ̀. Ní Kóvè, níbi tí àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nàgó wà láàárín àwọn tó ń sọ èdè mìíràn, wọ́n sọ igi orí di eré: àwọn ère kékeré wà lórí rẹ̀ tí ẹni tó gbé e ń fi okùn fà, tí wọ́n ń gbé apá, tí wọ́n ń tẹrí ba. Kétu kò ṣe bẹ́ẹ̀ tó wọn. Ṣé ká ní Kóvè bà á jẹ́ ni? Mo rò pé wọ́n bù kún un. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà padà lójú òkun tó sì já wọn sí Sàró, gbé e dé Freetown. Ní Bahia ní Brazil, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Maria Júlia Figueiredo, orúkọ Yorùbá rẹ̀ sì ni Ọmọníkẹ̀ẹ́; òun ló ń darí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ìlú Salvador. Nígbà tó kú, ijó náà dákẹ́ níbẹ̀. Orúkọ ni kò dákẹ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1988, Sueli Carneiro àti àwọn obìnrin dúdú mìíràn dá àjọ kan sílẹ̀ ní São Paulo láti jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin dúdú, Geledés ni wọ́n sì sọ ọ́. Wọn kì í gbé igi. Wọ́n mú orúkọ agbára àwọn ìyá, wọ́n sì ń fi bá ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà. Bí àpẹẹrẹ yíyá tó tọ́ bá wà, èyí wà lára rẹ̀: wọ́n sọ ibi tí orúkọ náà ti wá, wọn kò sì fi tà.

Àwọn tó tà á wà. Ní 1950, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, jókòó ti Duga, agbẹ́gi àgbà ní Ìmẹ̀kọ, ó wo bó ṣe ń gbẹ́ igi látìgbà tó ti wà ní ìtì títí tó fi parí, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ìdí nìyí tí a fi mọ Duga. Mélòó nínú igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni orúkọ agbẹ́gi wà lára rẹ̀? Ohun tí ẹ máa kà lára púpọ̀ nínú wọn ni "Yorùbá", lẹ́yìn náà pé wọn ò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Agbẹ́gi lẹ́tọ̀ọ́ láti ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Igi tí kò tí ì wọ agbo, igi lásán ni. Ibi tí olè ti wọ̀ ọ́ ni ibi tí wọ́n ti gba igi tán tí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó yá gèlè mọ orúkọ onígèlè. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó gba igi kò bèèrè orúkọ onígi.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì ní olúwa. Mi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé àṣà gbogbo ayé ni, kò lólúwa, ẹni tó bá wù kó mú. Ìyálàṣẹ ni olúwa rẹ̀. Òun ni olórí ẹgbẹ́ ní ìlú tàbí ní àdúgbò tirẹ̀, òun ló ń bojú tó ojúbọ tí wọ́n ń kó igi sí, ọwọ́ rẹ̀ sì ni àṣẹ wà. Bí kò bá ní ká jó, a ò jó. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé òun nìkan ni ẹgbẹ́ agbégi tí wọ́n mọ̀ tí obìnrin pẹ̀lú ń ṣàkóso. Àṣìṣe ni: àwọn Mende ní Sàró ní ẹgbẹ́ Sande, obìnrin ló ń ṣàkóso rẹ̀, obìnrin náà ló sì ń gbé igi. Àmọ́ ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ hàn sí mi. Ó jọ wọ́n lójú. Ohun tí wọn kò ronú dé ni pé bí obìnrin bá ni ín, Kútọnu àti Abuja kò ni ín. Ìyálàṣẹ Kétu kò láṣẹ lórí ti Ìlobì, ti Ìlobì kò láṣẹ lórí ti Ìláròó. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló tọwọ́ bọ ìwé ohun tó ní olúwa púpọ̀.

Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 nítorí ìrẹsì àti fàyàwọ́, kò sí ẹni tó bi àwọn ìyá yìí bí wọ́n ṣe máa rí ara wọn. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i, ní oṣù kejìlá 2020, ó sì di 2022 kí wọ́n tó ṣí ti Ìdírókò. Orúkọ Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà wà lára Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nínú ìwé UNESCO ní gbogbo àkókò yẹn.

Nítorí náà, bí mo bá tún pàdé ọkùnrin inú ọkọ̀ yẹn, màá bi í léèrè ọ̀rọ̀ Ifá. Ní 2005, UNESCO kéde Ifá náà, Nàìjíríà nìkan ló gbé e lọ. Gbogbo ayé mọ̀ pé àwọn bókọ́nọ̀, babaláwo àwọn Fọ̀n, ní Bẹ̀nẹ̀ ń dá Fá, pé wọ́n ní Yẹ̀kú Méjì bí àwa náà ṣe ní Ọ̀yẹ̀kú Méjì, pé ìwé ńlá tí Bernard Maupoil kọ lórí Fá ní 1943, ilẹ̀ Dàhòmì ló ti kó o jọ. Àwọn Fọ̀n fúnra wọn kì í sẹ́ pé ilẹ̀ Yorùbá ni Fá ti wá. Wọ́n mọ onígèlè. Cuba ń dá a, Brazil ń dá a. Bẹ̀nẹ̀ pè wá nígbà tí wọ́n ń lọ fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ hàn. Nígbà tó kan Ifá, a kò pe ẹnikẹ́ni.

Kò tíì pẹ́ jù. Àjọ náà gbà kí wọ́n fi orúkọ orílẹ̀-èdè mìíràn kún ohun tó ti wà nínú ìwé. Bí àpẹẹrẹ, orílẹ̀-èdè 11 ló kọ́kọ́ fi orúkọ iṣẹ́ fífi àṣá ṣọdẹ sílẹ̀ ní 2010. Wọ́n ń pe ara wọn wọlé díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì pé 24 ní 2021. Kí àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ àṣà ní Abuja kọ lẹ́tà sí Kútọnu àti Lomé. Ìwé Ifá ṣì wà lórúkọ Nàìjíríà nìkan.